Àwọn Tó Ka Ojú Ìwé Kọkànlélógójì

Sìdí ọ̀rẹ́ mi ni ó kọ́kọ́ ka ìwé mi parí. Ó kà á nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wa ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ rán apá bùbá oníbàárà kan mọ́ ọrùn. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó sọdá títì wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ìwé àti bírò, ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi.

"Ó dùn," ó ní. "Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni o dárúkọ mi. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ebi ló ń pa mí."

"Ebi ń pa ọ́ lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ebi ń pa gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn, Àtọ́kẹ́. Tèmi nìkan ló wọ ìwé."

Oṣù Kẹta ọdún 1987 ni ìwé náà jáde. Ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Japheth atẹ̀wé ní Òkè Padre ló bá mi tẹ̀ ẹ́, ó sì sọ fún mi pé nígbà tí òun ń to lẹ́tà ojú ìwé kejìlá, òun rẹ́rìn-ín títí ìyàwó òun fi wá yọjú wo ohun tó ṣe òun. Tábìlì Onídígí ni mo pe orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni mo kọ sínú rẹ̀, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá Ọláyíwọlá ayafọ́tò ní ọ̀nà Mápó, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

N kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Nọ́fẹ̀ẹ̀lì ni mo fi kọ́ èyí tó kù, àwọn tí Àǹtí Grace, tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, máa ń yá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń dá padà pẹ̀lú àbààwọ́n kẹrosíìnì lára. Nítorí náà, nígbà tí mo rí orúkọ ara mi lára ẹ̀yìn ìwé, mo fi ọwọ́ pa á bóyá yóò parẹ́. Kò parẹ́.

Ní agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á lẹ́yìn ìrun alásàrí. Ẹni tó mọ̀wé a kà, àwọn yòókù a máa dá sí i. Àbúrò bàbá mi ní ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ahun ni òun, ibẹ̀ kò dára tó, ó yẹ kí n fi àpẹẹrẹ kún un, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé òun ni. Ọkùnrin kan kọ lẹ́tà sí mi láti Ṣakí. Ó ní òun ti kà á, òun sì fẹ́ fẹ́ obìnrin tó lè fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sójú kan láìdìde. Ìyá mi ní kí n tún lẹ́tà náà kà, ó gbọ́ ọ tán, ó béèrè irú iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọjà'ba, ó sì máa ń fi gèlè wé ìwé náà lọ sọ́jà láràárọ̀. Bí oníbàárà bá ra bọ́tìnnì mẹ́ta, yóò tú gèlè, yóò ṣí ìwé, yóò fi ìka lé e. "Orúkọ mi nìyí. Ọmọ mi ló kọ ọ́." Ojú ìwé kẹtàdínlógún ni ó máa ń ṣí. Ojú ìwé kejìlélógún ni orúkọ rẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó sọ fún un.

Inú mi dùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ débi pé mo ń gbàgbé láti jẹun. Àmọ́ ojú ìwé kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà lójú mi. Sìdí ló mẹ́nu bà á, bó ṣe ń fi eyín já òwú.

"Ojú ìwé kọkànlélógójì ńkọ́? Ṣé ọ̀gá ti kà á?"

"Ọ̀gá kì í kàwé mọ́."

"Mo mọ̀. Ṣé o ti lọ kà á fún un?"

 N kò tíì gbé ìwé náà dé ọ̀nà Mápó rárá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lójú ìwé náà.

Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọ̀gá Ọláyíwọlá ni títún ojú èèyàn ṣe kí fọ́tò tó jáde. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n dá ihò sí àárín rẹ̀, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n sì gbé dígí sábẹ́ rẹ̀ kí oòrùn lè gba inú dígí gòkè. Orí gíláàsì yẹn ni a máa ń tẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, fíìmù tí a fi ń tẹ fọ́tò jáde, sí. Lára nẹ́gẹ́tíìfù, ohun tó bá dúdú lójú èèyàn a máa funfun. Àpá, irorẹ́, ìlà abẹ́ ojú, gbogbo wọn a máa tàn. N óò wá mú pẹ́ńsù tí mo ti fi pépà oníyanrìn pọ́n títí ẹnu rẹ̀ fi dà bí abẹ́rẹ́, n óò máa fi kan ibi tó ń tàn náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣókùnkùn. Bí fọ́tò bá jáde, àpá ti lọ nìyẹn.

Ojú ọ̀gá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ó ṣì lè gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó lè mú oníbàárà jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè rí ohun tó bá kéré mọ́. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ nìkan la mọ̀. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sọ fún mi pé, "Àtọ́kẹ́, ohun tí o bá ti ṣe sí nẹ́gẹ́tíìfù, kò sí àtúnṣe rẹ̀ mọ́ láyé. Ṣe pẹ̀lẹ́." Mo sì ṣe pẹ̀lẹ́, fún ọdún kan.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Màmá Sìnótù wá láti Ìdí Arère. Ó ń lọ sí Mẹ́kà, ó sì fẹ́ ya fọ́tò ńlá tí wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀. Kò ya irú rẹ̀ rí. Àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó jinlẹ̀, ó sì gún régé, àyàfi ìkẹta lápá òsì tó wọ́ nídìí. Ó rí i pé mò ń wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní olóólà ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo yíjú wo ìyá mi," ó ní. "Láti ìgbà náà ni mo ti ń yọjú sí ohun tí kò kàn mí."

Ọ̀gá ya fọ́tò náà, ó sì lọ sí Ìsẹ́yìn fún iṣẹ́ kan tó gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ku èmi àti nẹ́gẹ́tíìfù Màmá Sìnótù. Inú nọ́fẹ̀ẹ̀lì tí mo ń kà nígbà náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo obìnrin tí ọkùnrin ń fẹ́ràn ló ń dán. Màmá Sìnótù ti bá mi ṣeré, mo sì fẹ́ fún un ní nǹkan. Mo jókòó sí tábìlì, mo sì pa gbogbo ilà náà rẹ́. Ọ̀gá kò sọ fún mi rí pé kí n má fọwọ́ kan ilà. Kò sí ẹni tó yẹ kí èèyàn máa sọ ìyẹn fún.

Ọ̀gá padà dé, ó tẹ fọ́tò náà jáde ní ńlá, ó fi férémù sí i, ó fi pépà wé e. Ojú rẹ̀ kò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọ ìyá náà wá gbé e, wọn kò sì tú u, wọ́n ní ó di ọjọ́ tí Àlájà bá dé.

Àlájà kò dé. Mẹ́kà ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ọjọ́ fìdáù rẹ̀ ni wọ́n tú fọ́tò náà níwájú gbogbo ẹbí. Wọn kò rí òkú rẹ̀, wọn kò sì rí ojú rẹ̀. Ọ̀gá Ọláyíwọlá lọ sí Ìdí Arère lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun lòun ṣe é. Wọ́n ní kí ó má wọ ilé àwọn mọ́. Láti ọjọ́ náà, ará Ìdí Arère kankan kò mú ojú wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó padà dé lọ́jọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni ó bi mí. "Ṣé yíǹkì lo fi bò ó?" Ẹkún ni mò ń sun. Ohunkóhun tí ó bá bi mí lọ́jọ́ yẹn, n óò mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mi orí. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo kọ sójú ìwé kọkànlélógójì nìyẹn, pé èmi ni, kì í ṣe ọ̀gá. Fún ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ náà fi wà lọ́rùn mi. Mo rò pé bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ síwèé, yóò fúyẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkùnrin kan dé fìlà aláràn-án wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki ìgbálẹ̀ ẹyọ kan bọ àárín rẹ̀.

"Ìwọ ni Àtọ́kẹ́?"

"Èmi ni, sà."

"Fàsásì lorúkọ mi. Èmi ni àbígbẹ̀yìn Àlájà Sìnótù."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn tábìlì. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Èjìdé, kò mọ̀wé," ó ní. "Èmi ni mò ń ka ìwé yìí fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. A wá dé ibi tí ìgbálẹ̀ yìí wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní kí n lọ pe ẹni tó kọ ọ́, kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ kà á fún òun, níwájú fọ́tò náà. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àílà."

"Fọ́tò náà ṣì wà, sà?"

"Ibo ni kí a gbé e sọ sí? Ìyá wa ni. Ó kọ́ sára ògiri, ó kọjú sí ògiri. Láti ọdún mẹ́fà, ẹ̀yìn férémù là ń kí."

Mo béèrè bóyá inú ń bí Ìyá Èjìdé.

"N kò mọ̀. Èmi ni inú ń bí. Tirẹ̀, n kò mọ̀." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ọ̀gá rẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó tó mi í bí. Mo wò ó nílẹ̀, n kò ní kí ó dìde. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá ní Mápó, mo máa ń gba ẹ̀yìn ọjà. Ìwọ wá kọ ọ́ pé kì í ṣe òun."

Ó lọ. Ó gbàgbé láti kí mi pé ó dàbọ̀, tàbí bóyá kò gbàgbé.

Mo sọ fún ìyá mi nírọ̀lẹ́. Ó gbé òwú tó ń ká sílẹ̀.

"Èmi yóò bá ọ lọ," ó ní. "Àmọ́ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ. Kò dára kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ará Ìdí Arère."

Èébú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Wọ́n ti bú mi rí. Ohun tó ń ká mi lára ni pé n óò jókòó síwájú ojú tí mo bà jẹ́, níwájú ọmọ ẹni tó ni ojú náà, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni n óò sì ní lọ́wọ́. Wọn kò nílò ọ̀rọ̀. Ojú ìyá wọn ni wọ́n nílò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé mo lọ sí ọ̀nà Mápó. Fọ́tò aláwọ̀ ti gba ìgboro, àwọn ẹlẹ́rọ ń tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín wákàtí kan, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù nìkan ló kù tí wọ́n ń yà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀gá jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ẹyinjú rẹ̀ funfun bí omi ẹ̀kọ.

"Àtọ́kẹ́," ó ní, kí n tó kí i. "Mo gbọ́ pé o kọ ìwé nípa mi."

"Nípa iṣẹ́ mi ni, sà."

"Ta ló ni iṣẹ́ náà?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀.

"Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń retí rẹ," ó ní. "Gbogbo ẹni tó bá wá ya páásípọ́ọ̀tù ló ń já díẹ̀ fún mi nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní o kọ ọ́ pé orin tí mo máa ń kọ nínú yàrá òkùnkùn, kò sí èyí tó bá ohùn mu níbẹ̀."

"Mo kọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Òótọ́ ni. Jókòó. Kà á."

Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí ó ti rẹ́rìn-ín. Ní ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ó fi ọwọ́ rẹ̀ mú ọwọ́ mi lórí pẹ́ńsù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ká ìka rẹ̀ bí ẹni tó mú pẹ́ńsù. Nígbà tí mo dé ojú ìwé ogójì, mo pa ìwé dé.

"Máa bá a lọ," ó ní. "Mo mọ ibi tí ó ń lọ. Wọ́n ti sọ fún mi."

Mo kà á. "'Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti ojú Màmá Sìnótù. Pẹ́ńsù mẹ́rin ni mo lò, mo pọ́n wọn títí wọn kò fi gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Ilà kẹta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ló pẹ́ jù, nítorí ó wọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rò pé mo ti ṣe é lóore.'"

"Dúró," ó ní. "Tún ìyẹn kà."

Mo tún un kà.

"Pẹ́ńsù?"

"Pẹ́ńsù ni, sà."

"Yíǹkì ńkọ́?"

"N kò lo yíǹkì, sà. Ẹ kò tíì kọ́ mi ní yíǹkì nígbà náà."

"Mo bi ọ́. O ní yíǹkì ni."

"Orí ni mo mì, sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

 Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dún, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó ṣe é.

"Yíǹkì a máa wọ inú nẹ́gẹ́tíìfù," ó ní. "Bó bá ti wọ ọ́, ó wọ ọ́ nìyẹn. Pẹ́ńsù, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Tápẹ́ń ni a fi ń nù ún. Tápẹ́ń tí àwọn akunlé ń lò. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi nù ún."

"Ẹ sọ fún mi pé kò sí àtúnṣe, sà. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀."

"Bí mo ṣe ń sọ fún gbogbo yín nìyẹn, kí ẹ lè ṣe pẹ̀lẹ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ tí kò ríran. "Ọdún mẹ́fà. Ìyá Àyìnlá, páálí ọdún 1981."

Ìyàwó rẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù tí ọ̀gá yà láyé rẹ̀ ló wà nínú páálí, pépà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ wà lára wọn. Sìnótù, Ìdí Arère. Mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì tábìlì mi àtijọ́. Ọ̀gá ní èmi ni n óò nù ún, ó sì dúró sẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Mo fi òwú díẹ̀ kan tápẹ́ń, mo fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń nu ojú ọmọ tuntun. Òwú náà dúdú. Okùn funfun kan yọ sábẹ́ rẹ̀. Òmíràn tún yọ.

"Sọ̀rọ̀," ọ̀gá ní.

"Ó ń yọ, sà. Méjì ti yọ."

Ilà kẹta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ló yọ gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tó wọ́.

A wọ yàrá òkùnkùn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi gbogbo níbẹ̀ ju ojú mi lọ. Ó wọn omi oògùn, ó tan iná pupa tí òun kò rí, ó ń kọrin, orin náà kò sì bá ohùn mu. Mo ki pépà bọ inú omi. Pépà funfun ló kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni òjìji kan hàn, gèlè, ojú méjì, ilà sì tẹ̀lé e.

"Ó ti jáde?"

Mo tẹ̀ sórí omi náà, mo ń ka ilà.

"Àtọ́kẹ́, mélòó?"

"Mẹ́rin-mẹ́rin, sà."

"Èyí tó wọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn tí fọ́tò náà gbẹ tán, ó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo fọ́tò tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni òǹtẹ̀ máa ń wà, orúkọ ọ̀gá nìkan ló sì wà lára òǹtẹ̀. Orúkọ ẹni tó tún ojú ṣe kì í sí níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wá na bírò sí mi.

"Kọ tìrẹ sábẹ́ rẹ̀."

"Sà?"

"Lọ́jọ́ yẹn, o rò pé torí rẹ ni mo ṣe dọ̀bálẹ̀. Díẹ̀ ni tìrẹ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù, n kò fẹ́ kí ìgboro mọ̀ pé ọmọdébìnrin kan ni ojú mi. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Kọ orúkọ rẹ."

Mo kọ ọ́. Ó ní kí n gbé ọwọ́ òun lé e kí òun lè mọ ibi tó wà.

"Lọ́la, kọ́kọ́ kà á fún wọn," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Má tú fọ́tò kí wọ́n tó gbọ́ ọ tán. Èmi yóò dúró ní títì. Wọ́n ní kí n má wọ ilé, wọn kò ní kí n má dúró ní títì."

Nígbà tí èmi àti ìyá mi wọ pálọ̀ wọn ní ọjọ́ Àìkú, èèyàn tó méjìlá ló jókòó síbẹ̀. Ìyá Èjìdé wà lórí ẹní lábẹ́ fèrèsé, ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kí ìyá mi dáadáa, ó ní kí ó súnmọ́ òun. Ó ní kí Fàsásì yí férémù ara ògiri padà.

Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ti gbàgbé bó ṣe dára tó. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ń wò mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí àwo.

"Kà á," Ìyá Èjìdé ní.

Mo kà á lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí mo parí, Ìyá Èjìdé tẹ̀ síwájú lórí ẹní.

"O ní o rò pé o ṣe é lóore," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló mú ọ rò bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn obìnrin inú ìwé tí mo ń kà nígbà náà, mà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹwà ṣe rí."

Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Tèmi ńkọ́? Ṣé o bá pẹ́ńsù wá?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Rárá, mà. Nǹkan mìíràn ni mo gbé wá."

Mo tú pépà, mo gbé fọ́tò náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó wò ó. Ó wá fi ìka kà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ọ̀kan, méjì. Ìka rẹ̀ dúró lórí ìkẹta, ó tẹ̀lé e dé ìdí, ibi tí ó ti wọ́.

"Ó yíjú," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Ó yíjú wo ìyá rẹ̀."

"Wọ́n sọ fún mi, mà. Wọ́n ní láti ìgbà náà ni àwọn ti ń yọjú sí ohun tí kò kan àwọn."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín náà. "Ohùn rẹ̀ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn." Ó pe àwọn ọmọdé ilé, àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 1981. "Ẹ wá. Ìyá yín àgbà nìyí. Ẹ wò ó dáadáa. Èyí tó wà lára ògiri yẹn, ẹ má dá a lóhùn."

Fàsásì kò súnmọ́ fọ́tò náà. Ojú ọ̀nà ló ń wò.

"Ta ló tẹ èyí jáde?" ó bi mí.

"Èmi àti ọ̀gá ni, sà. Lánàá."

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà ní títì, sà. Wọ́n ní ẹ ní kí àwọn má wọ ilé."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀gá jókòó sórí àpótí lábẹ́ òjìji ṣọ́ọ̀bù kan, ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Fàsásì sọdá títì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú agbádá rẹ̀, àwọn èèyàn sì dúró wò ó.

"Ta ló wà nílẹ̀?" mo gbọ́ tí ọ̀gá ń bi ìyàwó rẹ̀.

"Ọmọ Àlájà Sìnótù ni."

"Kí ló ń ṣe nílẹ̀? Ní kí ó dìde, kó má ba aṣọ jẹ́."

Fàsásì ló di ọwọ́ rẹ̀ mú wọlé. Wọ́n gbé àga fún un, Ìyá Èjìdé sì gbé fọ́tò náà lé e lórí itan bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò lè rí i. Ó fi ọwọ́ pa á. Ìyá Èjìdé wá yí ẹ̀yìn fọ́tò náà padà, ó rí òǹtẹ̀, ó rí ohun tí mo fi bírò kọ.

"Kí ló wà níbí yìí?" ó bi Fàsásì.

"Orúkọ bàbá yìí," Fàsásì ní. "Orúkọ ọmọ yìí ló sì wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó ní kí wọ́n yọ férémù ara ògiri sọ̀kalẹ̀. Wọ́n yọ fọ́tò àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n sì kọ́ ọ padà, ó kọjú sí pálọ̀. Ó wá gbé ti àtijọ́ fún mi. "Mú ọmọge yìí lọ sílé. Obìnrin inú àwọn ìwé tí ò ń kà ni. A kò mọ̀ ọ́n ní agbo ilé yìí. Bí o bá tún ìwé náà tẹ̀, kọ ọ́ pé o wá, kí o sì kọ orúkọ mi dáadáa. Má kọ ọ́ pé ebi ń pa mí bí ti ọ̀rẹ́ rẹ yẹn."

Ẹsẹ̀ ni èmi àti ìyá mi fi rìn dé Ọjà'ba. Òun ló gbé fọ́tò náà, ó ní n kò ní mú un dáadáa, ó sì gbé e síta bí ẹni ń gbé àsíá. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ dúdú dá a dúró.

"Ta nìyí? Ó mà rẹwà o."

"Iṣẹ́ ọmọ mi ni," ìyá mi ní. "Àṣìṣe ló ṣe níbẹ̀. Ó ti tún un ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé."

Ó gbé fọ́tò náà fún mi mú, ó tú gèlè, ó ṣí ìwé. Ojú ìwé kẹtàdínlógún ni. Ó fi ìka lé e, ó sì dúró kí obìnrin náà wò ó tẹ́rùn. Mo dúró pẹ̀lú rẹ̀, mo di fọ́tò náà mú, n kò sì ṣí ojú ìwé kejìlélógún fún un.